Ọ̀rọ̀ Ìgboro Orí Íntánẹ́ẹ̀tì àti Kíkọ́ Ọ̀rọ̀ Èdè Gẹ̀ẹ́sì: Iṣẹ́ Lámèyítọ́

Ìmọ̀ràn kan wà tí ó ń jáde lẹ́nu àwọn olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì kan lóde òní. Wọ́n ní kí a dẹ̀yìn lẹ́yìn àkójọ ọ̀rọ̀ inú ìwé, kí a máa fi ọ̀rọ̀ ìgboro tí àwọn ọ̀dọ́ ń lò lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ́ wọn, nítorí pé ohun tí ọmọ bá fẹ́ràn ni ó máa ń tètè wọ̀ ọ́ létí. Nínú àpilẹ̀kọ yìí, ìmọ̀ràn náà ni a fẹ́ gbé yẹ̀ wò, kí a rí ibi tí ó ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ àti ibi tí ó ti mẹ́hẹ. Kì í ṣe èrò wa láti bu ẹnu àtẹ́ lu ọ̀rọ̀ ìgboro fúnra rẹ̀. Ọgbọ́n ìkọ́ni tí wọ́n gbé kà á ni àríwísí wa dá lé lórí.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ ya ọ̀rọ̀ ìgboro sọ́tọ̀ kúrò lára ẹnà. Ẹni tí ó ń pa ẹnà mọ̀ọ́mọ̀ ń fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún ẹni tí kò gbọ́ ọ ni, ìlànà tí ó sì fi ń da sílébù ọ̀rọ̀ rú ṣe é kọ́. Ọ̀rọ̀ ìgboro kò ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀. Àmì ẹgbẹ́ ni. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lò mọ ibi tí a ti ń lò ó, ó mọ ẹni tí a ń sọ ọ́ sí, ó sì mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó fi í sílẹ̀. Ìmọ̀ yìí gan-an ni kì í sí nínú àwọn àkójọ tí a ń pín fún akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ jẹ́ kí a sọ ire rẹ̀ ná. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ ni a fẹ́ kọ́ni, oko ọlọ́ràá ni. Ẹ wo "rizz", tí ilé iṣẹ́ atẹ̀wé Yunifásítì Oxford fi ṣe ọ̀rọ̀ ọdún 2023. Ẹ̀bùn àtifa ojú ẹlòmíràn mọ́ra ni ó túmọ̀ sí, pàápàá nínú ọ̀rọ̀ ìfẹ́. Àárín "charisma" ni wọ́n ti gé e yọ. Ìbẹ̀rẹ̀ tàbí ìparí ọ̀rọ̀ ni èdè Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń gé sọnù, bí a ti rí i nínú "phone" àti "photo", ṣùgbọ́n "flu", tí ó wá láti inú "influenza", ti ṣe irú èyí rí. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá tọ ipasẹ̀ yìí yóò bá "charisma" pàdé, ọ̀rọ̀ tí ó lè lò níbikíbi. Bákan náà, ohun tí àwọn kan ń pè ní ọ̀rọ̀ tuntun lè ti gbó. Ìwé ìtumọ̀ ńlá ti Oxford gba "OMG" wọlé ní 2011, ṣùgbọ́n àpẹẹrẹ tí ó tọ́ka sí wà nínú lẹ́tà tí Ọ̀gágun ojú omi John Fisher kọ sí Winston Churchill ní 1917. "Brain rot", ọ̀rọ̀ ọdún 2024, ti wà nínú ìwé Walden tí Henry David Thoreau tẹ̀ jáde ní 1854.

Ibí yìí ni àṣìṣe àkọ́kọ́ ti ń yọjú. Àwọn olùkọ́ kan gbà pé nígbà tí Oxford ti fi ọ̀rọ̀ kan ṣe ọ̀rọ̀ ọdún, ó ti gba ìwé ẹ̀rí nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìwé ìtumọ̀ ni láti ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ. Kì í súre fún un.

Àṣìṣe tí ó wúwo jù ni ti orísun. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ tí àwọn àkójọ wọ̀nyí ń pè ní "ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀dọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì" ni ó wá láti ẹnu àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, tí wọ́n ti ń sọ ọ́ kí íntánẹ́ẹ̀tì tó dé. "Woke" ni àpẹẹrẹ tí a yàn. Ní 1962, William Melvin Kelley, òǹkọ̀wé aláwọ̀ dúdú, kọ àpilẹ̀kọ kan sínú ìwé ìròyìn New York Times tí "woke" wà nínú àkọlé rẹ̀. Bí àwọn aláwọ̀ funfun ṣe ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn dúdú wà lára ohun tí ó sọ níbẹ̀. Ẹni tí ó "woke" ni ẹni tí kò sùn, tí ó ń ṣọ́ra fún ìwà ìrẹ́jẹ tí wọ́n ń hù sí àwọn ènìyàn rẹ̀. Lónìí, àwọn alátakò ti sọ ọ̀rọ̀ kan náà di èébú lágbo òṣèlú.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, a jókòó sí ẹ̀yìn kíláàsì kan láti wo akẹ́kọ̀ọ́ wa kan tí ó wà lẹ́nu ìdánrawò ìkọ́ni. Ó kọ "woke" sójú pátákó, ó sì kọ "ẹni tí ojú rẹ̀ ti là" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọmọ kan béèrè bóyá òun lè fi pe ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ àwọn. Olùkọ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Kíláàsì rẹ́rìn-ín, àwa náà rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí a fẹ́ kọ èsì àbẹ̀wò wa ni a rí bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jinlẹ̀ tó. "Ọ̀làjú" lẹ́nu Yorùbá ti so mọ́ ilé ìwé, mọ́ aṣọ òyìnbó, mọ́ gbígba àṣà àjèjì. Ìtumọ̀ tí ọ̀dọ́mọkùnrin náà fún "woke" wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dojú ọ̀rọ̀ náà délẹ̀: ọ̀rọ̀ tí wọ́n dá láti fi ṣọ́ òyìnbó ni ó fi ọ̀rọ̀ ìwúrí fún àṣà òyìnbó túmọ̀. "Ẹni tí ó wà lójúfò" ni ì bá sún mọ́ ọn. Kò sí àkójọ kankan tí yóò sọ èyí fún un bí kò bá mọ ìtàn.

A kò ní pẹ́ lórí ti ọjọ́ orí ọ̀rọ̀. "On fleek" gba ayé kan láti inú fídíò tí ọmọbìnrin kan gbé sórí Vine ní 2014. Vine kógbá sílé ní 2017, ọ̀rọ̀ náà sì ti ṣá. Ẹni tí ó bá lò ó lónìí ń sọ ọjọ́ orí ara rẹ̀.

Ti iye ni ó kù. Àkójọ ọ̀rọ̀ gbogbogbòò tí Michael West ṣe ní 1953 ní nǹkan bí 2,000 ọ̀rọ̀. Àkójọ ọ̀rọ̀ ẹ̀kọ́ gíga tí Averil Coxhead gbé jáde ní 2000 ní ẹbí ọ̀rọ̀ 570. Ní 2006, Paul Nation ṣírò pé ẹni tí yóò ka ìwé Gẹ̀ẹ́sì láìsí olùrànlọ́wọ́ nílò ẹbí ọ̀rọ̀ 8,000 sí 9,000. Akẹ́kọ̀ọ́ ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ni tí ó mọ ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ ìgboro, tí kò mọ "analyse" tàbí "significant", kò lè ka ìwé tí a ó fi dán an wò. Wákàtí kíláàsì kò pọ̀ tó èyí tí a lè fi ṣòfò.

Nígbà tí GSM dé ilẹ̀ wa ní 2001, tí àtẹ̀jíṣẹ́ kan kò gbà ju àmì 160 lọ, ìgékúrú bẹ́ sílẹ̀, àwọn àgbà sì pariwo pé èdè ti bàjẹ́. David Crystal dá wọn lóhùn nínú ìwé rẹ̀ ti 2008: ọmọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ sípẹ́lì kí ó tó lè fi ṣeré. Àwọn tí ó ń gbé ọ̀rọ̀ ìgboro lárugẹ máa ń fi Crystal gbè, ṣùgbọ́n bí a bá wo àlàyé yìí dáadáa, àwa ni ó ń gbè. Ẹni tí kò mọ "charisma" kò lè rí ọgbọ́n inú "rizz".

Ọ̀rọ̀ kan wà, síbẹ̀, tí akẹ́kọ̀ọ́ tiwa lè fi bẹ̀rẹ̀ láìbẹ̀rù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2025 ni a gbọ́ pé "japa" ti wọ ìwé ìtumọ̀ ńlá ti Oxford. Ọmọ Yorùbá gbọ́ "já" nínú rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó sọ fún un; ó mọ ẹni tí ń sọ ọ́, ó mọ ẹ̀rín àti ẹkún tí ó wà nínú rẹ̀, ó sì mọ̀ pé kì í kọ ọ́ sínú lẹ́tà tí ó ń kọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú ìjọba tí ó ti fẹ́ gba físà. Kí olùkọ́ ní kí ó kọ lẹ́tà méjì lórí ìrìn àjò kan náà, ọ̀kan sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, ọ̀kan sí ilé iṣẹ́ náà. Lẹ́yìn náà ni kí ó fa ìlà sábẹ́ gbogbo ọ̀rọ̀ tí ó yí padà láàárín méjèèjì, kí ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún kíláàsì kí a tó kọ "rizz" sójú pátákó.