Àdúrà Paula

Nínú Final Fantasy VII tó jáde ní 1997, Sephiroth, ọ̀tá ìkẹyìn, ní idán kan tó ń jẹ́ Supernova. Ìràwọ̀ onírù kan á fọ́ Pluto, á la Saturn àti Jupiter kọjá, oòrùn á wú, á gbé Venus mì. Síbẹ̀, Cloud, akọni géèmù náà, àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ á ṣì wà lórí ìdúró. Ìdá 15 nínú 16 ẹ̀mí tó kù sí wọn lára ni idán náà ń mú lọ. Kò lè pa ẹnikẹ́ni. Bí Sephiroth bá tún pè é, oòrùn kan náà á tún wú. Mo fẹ́ràn géèmù yẹn dénú, àmọ́ ibẹ̀ yẹn jò bí ajere.

Ìdí nìyí tí mo fi ń kan sáárá sí Shigesato Itoi, tó kọ Mother 2 ní Japan ní 1994, èyí tí Amẹ́ríkà mọ̀ sí EarthBound. Giygas, ọ̀tá ìkẹyìn ibẹ̀, lágbára débi pé kò ní ìrísí kan pàtó mọ́. Pupa àti dúdú ló ń lọ́ mọ́ra wọn lójú tẹlifíṣọ̀n. Itoi ò sọ ọ́ di aláìlágbára lójijì kí ọmọdé mẹ́rin lè borí rẹ̀. Paula, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Àdúrà náà kan àwọn tí wọ́n ti pàdé lọ́nà, ó kan ìyá Ness, olórí àwọn ọmọ náà, nílé, àwọn náà sì ń gbàdúrà. Lẹ́yìn náà, òkùnkùn gbé ohùn Paula mì. Ó tún pè. Orúkọ tó wá hàn ni tìrẹ, ìwọ tó di páàdì mú, orúkọ tí géèmù ti béèrè lọ́wọ́ rẹ tipẹ́tipẹ́. Agbára tó ju ti Giygas lọ kò sí nínú ìtàn náà. Orí àga tí o jókòó sí ni Itoi ti wá a rí.