"Ọmọ Vodun": orin Jimi Hendrix kan lójú akẹ́kọ̀ọ́ èdè ará Atakpamé

Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, olùkọ́ kan rí àkọlé orin rọ́ọ̀kì kan tí mo kọ sẹ́yìn ìwé mi, ó ní kí n túmọ̀ rẹ̀ sí Faransé. "Voodoo Child" ni. Mo pè é ní "enfant vaudou". Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín, nítorí gbogbo wọn mọ̀ pé ìyá mi àgbà ń bọ òrìṣà. Mi ò gbàgbé ẹ̀rín yẹn.

Ìlú Seattle tí wọ́n ti bí Hendrix ní 1942 ni orin grunge ti jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀. Ìtàn bí wọ́n ṣe gba orin yìí sílẹ̀ kò gùn. Ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún 1968, ní New York, ó ta "Voodoo Chile" fún bí ìṣẹ́jú 15. Lọ́jọ́ kejì, àwọn ayàwòrán tẹlifíṣọ̀n dé, òun, Noel Redding àti Mitch Mitchell sì ta èyí tó kúrú, "Voodoo Child (Slight Return)", lójú kámẹ́rà. Òun ló kádìí àwo Electric Ladyland.

Ọ̀rọ̀ náà ti rìn jìnnà kó tó dé ẹnu rẹ̀. Àwọn Fọ̀n ń pè é ní vodún, àwọn Ewé ní vodu. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú gbé e dé Saint-Domingue, níbi tí Moreau de Saint-Méry ti kọ "vaudoux" sínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1797. Lẹ́tà Faransé kò ní ààyè fún ohùn, èdè Gẹ̀ẹ́sì náà kò ní.

Kí Hendrix tó lanu, gìtá ti ń sọ̀rọ̀. Ó fọwọ́ bo okùn rẹ̀ kó má baà dún tán, ó sì ń fẹsẹ̀ tẹ ẹ̀rọ wah-wah. Ẹni tó bá mọ dùndún yóò ní ìlù tó ń sọ̀rọ̀ nìyí. Èmi náà ti sọ bẹ́ẹ̀ rí ní sẹ́mínà, wọ́n tilẹ̀ yìn mí. Àṣìṣe ni. Ohùn òkè, àárín àti ìsàlẹ̀ ni dùndún ń pè; kò mọ "a" yàtọ̀ sí "i". Wah-wah kò fọwọ́ kan ohùn rárá. Ibi tí agbára ìró pọ̀ sí ló ń yí padà, bí ìgbà tí ẹnu bá ṣí láti "u" lọ sí "a". Fáwẹ̀lì ló ń pè. Ohun tó sì ṣe ọ̀rọ̀ "vodún" gan-an nìyẹn: fáwẹ̀lì rẹ̀ dé òkè òkun, ohùn rẹ̀ kò bá a dé.

Àwọn kan ní Hendrix ń jẹ́wọ́ ẹ̀sìn. Mi ò gbà. Kò dárúkọ vodun kankan. Àkọlé àti ègbè nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ti hàn. Ìyókù jẹ́ ìfọ́nnu bíi ti Muddy Waters. Ọ̀rọ̀ "child" ló yẹ ká wò. Nínú èdè wa, ọmọ ogun kì í ṣe ẹni tí ogun bí. Bí "ọmọ" bá gba ẹ̀yán ajórúkọ báyìí, ohun tí ènìyàn wà lábẹ́ rẹ̀ ló ń sọ. Àwọn Fọ̀n ní tiwọn ń sọ vodúnsì, aya vodun. "Enfant" tèmi sọ ọ́ di ọmọdé, òun ló jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín.

Hendrix kú ní London ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹsàn-án 1970, lẹ́ni ọdún 27. Ní oṣù Kọkànlá, orin náà gba ipò kìíní ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Nítorí ó mẹ́nu ba ayé tó ń bọ̀, wọ́n sọ ọ́ di àsọtẹ́lẹ̀. Gbólóhùn náà kò yí padà. Ẹni tó sọ ọ́ ló kú.

Ní 1998, Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah, kọ ọ́ nínú àwo Oremi, ìyẹn "Ọ̀rẹ́ mi". Mo fẹ́ràn tirẹ̀ gan-an, nítorí ohùn ènìyàn ló gba iwájú níbẹ̀. Mo gbé e sétí ìyá mi àgbà lórí fóònù, mo sì túmọ̀ àkọlé rẹ̀ fún un lédè Ifẹ̀ wa. Wọn ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní: "Òrìṣà wo ló ni ọmọ náà?"