Yíǹkì Lọ́wọ́ Ṣẹ́rífù

Bí wọ́n bá ń fi yíǹkì tẹ ìka ènìyàn sórí káàdì, àtàǹpàkò ni wọ́n máa ń yí sínú, síhà ara ẹni tó ni ín. Àwọn ìka mẹ́rin yòókù, òde ni wọ́n ń yí wọn sí. Gbé ọwọ́ rẹ lé tábìlì kí o dán an wò: inú ìnira ni ọrùn ọwọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀, inú ìdẹ̀ra ló ń parí sí. Ìdí nìyẹn tí ìka kì í fi í le gan-an lágbedeméjì, tí ìlà rẹ̀ kì í fi í dàrú.

Kó tó débẹ̀, wọ́n á ti nu ọwọ́ onítọ̀hún gbẹ, torí òógùn kì í jẹ́ kí yíǹkì dúró. Wọ́n á kán yíǹkì bíńtín sórí gíláàsì, wọ́n á fi rólà kékeré fẹ̀ ẹ́ lọ fẹ̀ ẹ́ bọ̀ títí yóò fi fẹ́lẹ́ bí èépá àlùbọ́sà. Bó bá nípọn jù, àárín àwọn ìlà ìka á kún, àbàwọ́n dúdú ni káàdì máa gbé jáde. Ẹni tó ń tẹ ìka fún un á wá ní kó máa wo ibòmíràn, kó má ran òun lọ́wọ́ rárá. Ìrànlọ́wọ́ ló ń ba káàdì jẹ́. Láti etí èékánná kan dé etí kejì, lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kò sí àpadàsẹ́yìn. Ìka márùn-ún ọwọ́ ọ̀tún gba ìlà òkè, ti òsì gba ìlà kejì. Nísàlẹ̀ pátápátá, wọ́n á to ìka mẹ́rin pọ̀, wọ́n á tẹ̀ wọ́n mọ́lẹ̀ láì yí wọn. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé àṣetúnṣe lásán ni ti ìsàlẹ̀ yìí. Ẹlẹ́rìí ni. Bí wọ́n bá ṣèèṣì tẹ ìka àárín sáyè ìka ìfábẹ̀lá lókè, ìsàlẹ̀ ló máa tú àṣírí.

Nínú fíìmù, ìbọn àti ìràwọ̀ àyà ni wọ́n fi ń mọ ṣẹ́rífù, olórí agbófinró káúńtì. Nínú ọ́fíìsì rẹ̀ ní ìgbèríko Amẹ́ríkà, yíǹkì àti ìwé ló pọ̀ jù. Ọdún 22 ni John Hulett fi wà nídìí irú iṣẹ́ yìí ní káúńtì Lowndes, ìpínlẹ̀ Alabama. Bí ọ́fíìsì náà ṣe dé ọwọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ lòun náà, mo sì fẹ́ fara balẹ̀ wò ó.

Gordonsville, nínú káúńtì yẹn gan-an, ni wọ́n bí i sí ní 1927. Ó lọ ṣiṣẹ́ nílé ìdà irin ní Birmingham, ó dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ti àlùfáà Fred Shuttlesworth níbẹ̀, ó sì padà wálé ní 1959. Nígbà náà, nínú ènìyàn márùn-ún ní Lowndes, mẹ́rin jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1965, kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó wà nínú ìwé olùdìbò. Ní oṣù March ọdún náà, Hulett kó àwọn ènìyàn lọ sí Hayneville, olú-ìlú káúńtì, láti forúkọ sílẹ̀. Wọ́n dá wọn padà. Wọ́n tún lọ. Lọ́tẹ̀ yìí orúkọ méjì wọlé: ti Hulett, àti ti John C. Lawson, oníwàásù kan tó fọ́jú.

Òfin ẹ̀tọ́ ìdìbò jáde ní August, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ dé, ìwé olùdìbò bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Àwọn onílẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í lé àgbẹ̀ tó bá forúkọ sílẹ̀ kúrò lóko. Àwọn ìdílé kan ń sùn nínú àgọ́ létí títì 80. Hayneville yìí náà ni wọ́n ti yìnbọn pa Jonathan Daniels, ọmọ ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà, ní 20 August. Ẹni tó yìnbọn náà jẹ́ igbákejì ṣẹ́rífù tó ń ṣiṣẹ́ láì gbowó. Wọ́n dá a sílẹ̀ ní kóòtù. Ẹni tó bá bèèrè ìdí tí àwọn ará Lowndes fi gbájú mọ́ ipò ṣẹ́rífù ju àwọn ipò yòókù lọ, mi ò rò pé ó yẹ kó wá ìdáhùn jìnnà.

Nígbà náà, òfin Alabama ní kí ẹgbẹ́ òṣèlú kọ̀ọ̀kan ní àmì, kí ẹni tí kò mọ̀wé lè dá tirẹ̀ mọ̀. Àkùkọ ni ti àwọn Democrat ibẹ̀. Ruth Howard, ọ̀kan lára àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ SNCC, kọ́kọ́ dá àdàbà lábàá fún ẹgbẹ́ tuntun tí Hulett àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń dá sílẹ̀. Àdàbà ò wọ̀ wọ́n lójú. Ó wá wo ẹkùn dúdú tó jẹ́ àmì Clark College ní Atlanta, ó yà á. Dorothy Zellner tún un ṣe. Dúdú gbogbo ara: bí wọ́n tilẹ̀ tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé olówó pọ́ọ́kú, kò sẹ́ni tó máa ṣì í mú fún àkùkọ. (Ẹgbẹ́ aláwọ̀ dúdú kan ní ìlú Oakland yá ẹkùn yìí lò lẹ́yìn, ayé sì gbàgbé Lowndes.)

Àmì nìkan kò tó. Jennifer Lawson àti Courtland Cox wà lára àwọn tó ṣe ìwé pélébé aláwòrán tó ń ṣàlàyé ipò kọ̀ọ̀kan: ta ni ṣẹ́rífù, kí ni adíyelé owó-orí ń ṣe, ta ló ń wádìí ikú. Bí ọ̀gá ṣe ń fi irinṣẹ́ han ọmọ iṣẹ́ ni wọ́n ṣe é: ohun tí èyí wà fún rèé, ibi tí agbára rẹ̀ pin sí rèé. Àwọn Democrat sì ti sún owó tí olùdíje máa san láti dọ́là 50 sí 500. Ní 3 May 1966, nǹkan bí 900 ènìyàn péjọ sí ṣọ́ọ̀ṣì First Baptist ní Hayneville, torí ṣẹ́rífù ìgbà náà kò gbà kí wọ́n lo àgbàlá ilé ẹjọ́. Wọ́n yan ẹni méje tó máa díje lórúkọ ẹgbẹ́ tuntun náà. Ní November, àwọn méjèèje fìdí rẹmi, ṣùgbọ́n ìbò wọn ju ìdá 20 nínú 100 lọ, òfin sì ní láti kà wọ́n sí ẹgbẹ́. Ní 1970, Hulett fúnra rẹ̀ dúró fún ṣẹ́rífù. Ó wọlé.

Iṣẹ́ tó bá níbẹ̀ kò ṣàjèjì sí wa tó bí a ṣe rò. Ní Nàìjíríà, òfin tó ń darí jíjíṣẹ́ ìwé kóòtù ṣì ń jẹ́ orúkọ ṣẹ́rífù, àwọn àgbà wa sì mọ ẹni tó ń mú sámáǹsì bọ̀ sí akódà. Ní Alabama pẹ̀lú, ìwé kóòtù ń gba ọwọ́ ṣẹ́rífù kọjá. Akọ̀wé kóòtù á lu òǹtẹ̀ lé e, á gbé e ránṣẹ́. Igbákejì ṣẹ́rífù á kà á kó tó wọ mọ́tò: orúkọ, ìnagijẹ bó bá wà, ibùgbé. Ní ìgbèríko, ibùgbé lè jẹ́ ojú ọ̀nà eléruku kan lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì kan. Bàbá àtọmọ lè jẹ́ orúkọ kan náà, kí ìwé sì jẹ́ ti ọ̀kan nínú wọn. Bó bá dé ẹnu ọ̀nà, á bèèrè orúkọ kó tó na ọwọ́. Tí onítọ̀hún ò bá sí nílé, òfin gbà kó fi ìwé lé ẹlòmíràn tó ń gbé inú ilé náà lọ́wọ́, bó bá ti dàgbà tó sì lóye tó. Kì í ṣe àlejò. Kì í ṣe ọmọdé tó ń ṣeré níta.

Lẹ́yìn náà ni èyí tó wù mí jù. Á kọ ohun tó ṣe sílẹ̀: ọjọ́ tó jíṣẹ́, ẹni tó gbà á, bó ṣe gbà á, á sì fọwọ́ sí i. Bí kò bá rí ẹni náà, á kọ ọ́ pé òun kò rí i. Ìlà kékeré yẹn ló ń padà lọ bá akọ̀wé kóòtù, lórí rẹ̀ sì ni adájọ́ ń dúró. Bó bá jẹ́ irọ́, ẹnì kan lè pàdánù ilé tàbí ilẹ̀ nínú ẹjọ́ tí kò gbọ́ nípa rẹ̀ rí. Ní káúńtì tí wọ́n ti lé àgbẹ̀ jáde nítorí orúkọ tó kọ sínú ìwé, mo lè rò ó pé ojú mìíràn ni wọ́n á fi máa wo ọkùnrin tó bá gbé ìwé dé ẹnu ọ̀nà.

Hulett kúrò nínú ẹgbẹ́ kékeré náà lọ bá Democrat nígbà tó yá. Inú gbogbo àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ kọ́ ló dùn sí i. Ní 1993 ó bọ́ sí ipò adájọ́ probate, ọ́fíìsì tí ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ àti ìwé ìhágún. Adájọ́ yìí kan náà ni òfin Alabama fi ṣe olórí ètò ìdìbò ní káúńtì: òun ló ń bójú tó títẹ ìwé ìdìbò.