Ta Ni Ó Wà ní Òkèèrè? Lẹ́tà Fíìsà gẹ́gẹ́ bí Oríkì

Nínú iṣẹ́ lámèyítọ́ Yorùbá, a kì í sábà ka lẹ́tà sí ohun tí ó yẹ kí a tú palẹ̀. Ewì ni a ń tú, ìtàn àròsọ ni a ń tú, eré onítàn ni a ń tú. Ní ti lẹ́tà, a ó kà á, a ó fèsì sí i, a ó sì jù ú sínú àpótí. Bẹ́ẹ̀, lẹ́tà ni I. B. Thomas fi gbé ìtàn Sẹ̀gilọlá kalẹ̀ nínú ìwé ìròyìn Akéde Èkó láàrin ọdún 1929 sí 1930, ìtàn tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ kà sí àkọ́kọ́ nínú àwọn ìtàn àròsọ gígùn lédè Yorùbá. Bí ó bá jẹ́ pé inú lẹ́tà ni ìtàn àròsọ wa ti yọjú, a jẹ pé kò yẹ kí a fojú tẹ́ńbẹ́lú lẹ́tà. Èyí tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni lẹ́tà tí ẹni tí ó ń wá fíìsà ń kọ sí aṣojú ìjọba ilẹ̀ mìíràn, pàápàá jù lọ fíìsà tuntun tí ó ń fún ènìyàn láyè láti gbé ní ìlú kan, kí ó máa ṣe iṣẹ́ tí owó rẹ̀ ń ti ìlú mìíràn wá.

Fíìsà yìí kò tí ì pẹ́ láyé. Nígbà tí àrùn kòrónà ti gbogbo ènìyàn mọ́lé ní ọdún 2020, tí àwọn erékùṣù tí ń fi àlejò jẹun kò rí àlejò mọ́, ni ìjọba Barbados gbé tiwọn jáde ní oṣù Keje ọdún náà: ọdún kan gbáko fún ẹni tí ó bá ń gba 50,000 dọ́là lọ́dún, kí ó sì san 2,000 dọ́là fún ìwé àṣẹ náà. Estonia tẹ̀ lé e ní oṣù Kẹjọ. Wọ́n ní kí ẹni tí ó bá fẹ́ wá ti máa gba 3,504 yúrò lóṣù. Ilẹ̀ Potogí bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní oṣù Kẹwàá ọdún 2022, òfin wọn sì ni pé owó tí ń wọlé fún ènìyàn gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin owó oṣù tí ó kéré jù lọ ní ilẹ̀ wọn. Ní ọdún 2025, owó oṣù náà jẹ́ 870 yúrò, èyí tí ó sọ ohun tí wọ́n ń béèrè di 3,480 yúrò lóṣù. Kí ẹni tí ó bá fẹ́ ṣírò gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ 70,000 náírà tí ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí ní oṣù Keje ọdún 2024 gẹ́gẹ́ bí owó oṣù tí ó kéré jù lọ níhìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà kò gba àlàyé.

Ohun tí ó sọ fíìsà yìí di ohun àkíyèsí fún mi gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ èdè ni pé ó yí lẹ́tà padà. Lẹ́tà tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, ti ẹni tí ó fẹ́ lọ kí ọmọ tàbí tí ó fẹ́ lọ ṣe ìpàdé, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni ó wà nínú rẹ̀: “Ẹ jẹ́ kí n wọlé, n óò padà.” Ìdí nìyí tí ènìyàn fi ń ka ilé, ilẹ̀, ìyàwó, ọmọ àti iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀ bí ẹni ń ka ẹ̀rí nílé ẹjọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí fíìsà tuntun ń fẹ́ kí ènìyàn wí ni pé: “Iṣẹ́ mi kò so mí mọ́ ilẹ̀ kankan; ibi tí mo bá lọ ni yóò bá mi lọ; n kò sì ní gba iṣẹ́ mọ́ ọmọ onílẹ̀ lọ́wọ́.” Nínú ti àkọ́kọ́, gbòǹgbò ni ènìyàn fi ń ṣẹ̀rí, nínú ti èkejì, ìyẹ́ ni. Àwọn àpẹẹrẹ lẹ́tà tí mo ti rí lọ́wọ́ àwọn ọmọ wa kò sì mọ ìyàtọ̀ yìí. Wọ́n á pa méjèèjì pọ̀ nínú ìwé kan náà, tí ìpínrọ̀ kan yóò máa ta ko èkejì.

Bí a bá wo ìhun lẹ́tà yìí fínnífínní, a óò rí i pé oríkì ni. Ó dárúkọ ènìyàn, ó sọ orírun rẹ̀, ó ka iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó tọ́ka sí ọrọ̀ rẹ̀, ó sì pe àwọn tí ó lè ṣe onígbọ̀wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ ńlá mẹ́ta ni ó wà láàrin wọn. Èkíní, lóòótọ́ ni ọdẹ lè fi ìjálá ki ara rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu ẹlòmíràn ni oríkì ti ń dùn jù: ìyá, ìyàwó ilé, tàbí akígbe tí ó mọ ìdílé. Nínú lẹ́tà fíìsà, ẹni tí à ń kì náà ni akígbe. Èkejì, oríkì kì í fi àbùkù pamọ́. Bí baba ńlá ẹni bá dúdú jù, bí ó bá ya ahun, bí ó bá bá ọba jà tí wọ́n lé e nílùú, oríkì yóò sọ ọ́, ọmọ rẹ̀ yóò sì máa fi yangàn. Lẹ́tà fíìsà kò gbọdọ̀ ní àpá kankan lára. Ẹ̀kẹta ni ó ṣe pàtàkì jù: a ń ki ènìyàn kí orí rẹ̀ lè wú, ṣùgbọ́n lẹ́tà yìí, à ń kọ ọ́ kí ẹ̀rù má ba à ba ẹni tí ń kà á. Oríkì tí a kọ fún ẹni tí ń fura sí wa, irú oríkì wo nìyẹn?

Mo lè fi àpẹẹrẹ kan ti ọ̀rọ̀ yìí lẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́ kan wà, tí ó kẹ́kọ̀ọ́ gboyè nínú èdè Yorùbá, tí ó ń gbé ní Ailegun, lápá Èjìgbò, nínú Oshodi àti Isolo ní ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹni tí ó bá mọ àdúgbò náà mọ ìró ibẹ̀: kẹ̀kẹ́ márúwá, ẹ̀rọ amúnáwá, àti ọkọ̀ agbépo tí ń lọ tí ń bọ̀ nítorí ibùdó epo tí ó wà ní Èjìgbò. Nínú yàrá kan níbẹ̀ ni ọmọbìnrin yìí ti ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan ní ìlú òyìnbó. Wọn a fi ohùn àwọn tí ń sọ Yorùbá ránṣẹ́ sí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì, òun a tẹ́tí sí i, a kọ ọ́ sílẹ̀, a fi àmì ohùn sí i, kí kọ̀ǹpútà lè kọ́ bí a ṣe ń gbọ́ èdè wa. Dọ́là ni wọ́n fi ń san owó rẹ̀. Ó fẹ́ lọ lo ọdún kan ní ilẹ̀ Yúróòpù níbi tí iná kì í kú, ó sì gbé lẹ́tà rẹ̀ wá. “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wò ó.”

Ilé ìtẹ̀wé kan ni wọ́n ti bá a kọ ọ́, Gẹ̀ẹ́sì tí ó dán mọ́nrán sì ni. Ohun tí ó wí, bí a bá sọ ọ́ ní èdè wa, ni pé òun jẹ́ ọ̀jáfáfá nínú iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ ìgbàlódé tí ó ti mọ́ lára láti ṣiṣẹ́ níbikíbi láyé. Kò sí Yorùbá nínú lẹ́tà náà. Kò sí Ailegun. “Lagos” nìkan ni ó wà níbẹ̀. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní ẹni tí ó bá a kọ ọ́ ni ó ní kí òun yọ wọ́n, pé àdúgbò yóò jẹ́ kí wọ́n rò pé tálákà ni òun, pé èdè ìbílẹ̀ yóò jẹ́ kí wọ́n rò pé iṣẹ́ náà kì í ṣe iṣẹ́ gidi. Ẹ wò ó! Ohun tí wọ́n tìtorí rẹ̀ gba ọmọ náà síṣẹ́ ni wọ́n ní kí ó fi pamọ́. Ẹni tí ó kọ lẹ́tà náà ti ki ẹlòmíràn, ó fi orúkọ ọmọ yìí sí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà nínú lẹ́tà náà tí mo fẹ́ dúró lé díẹ̀, òun ni èyí tí àwọn òyìnbó fi ń pe irú iṣẹ́ yìí, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí à ń ti òkèèrè ṣe. Mo ti gbìyànjú láti pè é ní iṣẹ́ àtòkèèrèṣe, kò sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ta ni ó wà ní òkèèrè? Ẹni tí ó gbani síṣẹ́ ni ó ń wo òṣìṣẹ́ bí ẹni tí ó jìnnà, nítorí pé ó ti gbà pé ibi tí òun jókòó sí ni àárín ayé. Ṣùgbọ́n bí a bá ti Ailegun wò ó, iṣẹ́ náà kò jìnnà rárá. Orí tábìlì ni ó wà. Àwọn tí wọ́n ń sọ èdè tí ó ń kọ sílẹ̀ wà lójú fèrèsé rẹ̀. Agbanisíṣẹ́ ni ó wà ní òkèèrè. Iṣẹ́ àgbéléṣe ni ó yẹ kí a pè é níwọ̀n ìgbà tí ó bá wà nílé, bí ó bá sì gba fíìsà tí ó gbé e rìn, ó di iṣẹ́ àgbélọ. Ẹni tí kò bá fi orúkọ ti ara rẹ̀ pe iṣẹ́ rẹ̀ yóò máa fi ojú ẹlòmíràn wo ara rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ará ẹ̀yìn odi.

Àwọn kan yóò pe ọ̀rọ̀ ọmọ yìí ní jápa. Mo ní awuyewuye pẹ̀lú ọ̀rọ̀ náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ Yorùbá ni, tí ìwé atúmọ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì ti Oxford sì ti gbà á wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025. Sísá nìkan ni jápa mọ̀. Kò mọ àjò. Àwọn ọdẹ inú ìwé Fágúnwà tí ó jáde ní ọdún 1938 kò já pa lọ sí Òkè Láńgbòdó. Ọba ni ó rán wọn níṣẹ́, wọ́n sì mú ohun tí wọ́n rí bọ̀ wálé. Àwọn ará Èjìgbò ti ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, tí ó yàtọ̀ sí Èjìgbò ti Èkó, ti lọ sí Àbíjàn láti ìran dé ìran, wọ́n ń ṣòwò níbẹ̀, wọ́n sì ń kọ́lé sílé. Àjò ni ìyẹn. Àjò kì í sì í dùn kí onílé má relé.

Síbẹ̀, n kò ní fi ayé àtijọ́ ṣe ọ̀run. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia ní ilẹ̀ Gánà pàṣẹ pé kí àlejò tí kò bá ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀pọ̀ àwọn oníṣòwò Yorùbá, títí kan àwọn tí wọ́n bí sọ́hùn-ún, ni ó fi ilé àti ọjà sílẹ̀. Ìjọba Nàìjíríà náà lé àwọn ará Gánà ní oṣù Kìíní ọdún 1983. Láàrin ìgbà méjèèjì ni àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS tọwọ́ bọ̀wé ìrìnkiri ọ̀fẹ́ ní Dakar, ní oṣù Karùn-ún ọdún 1979, èyí tí ó fún wa ní ọjọ́ 90 nílẹ̀ ara wa láìgba fíìsà. Ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ wa ni pé ọ̀rọ̀ ẹnu àti ìwà rere kò tó láti fi gbé ìlú onílùú. Ìwé ṣe pàtàkì. Nítorí pé ó ṣe pàtàkì gan-an ni kò fi yẹ kí a gbé e lé ọwọ́ ẹni tí kò mọ̀ wá.

Ẹnìkan lè takò mí pé lẹ́tà fíìsà kì í ṣe lítíréṣọ̀, pé iṣẹ́ kan ṣoṣo tí ó ní ni kí ó ṣí ilẹ̀kùn, àti pé onílé ìtẹ̀wé mọ ohun tí aṣojú ìjọba ń fẹ́ ju ọ̀mọ̀wé lọ. Àtakò yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. A jọ tún lẹ́tà náà kọ: ó sọ pé èdè Yorùbá ni iṣẹ́ òun, ó sọ Ailegun, ó sọ pé ìṣòro iná wà lára ohun tí ó ń gbé òun lọ, ó sì fi ìwé báǹkì gbè é lẹ́sẹ̀. Wọn kò fún un ní fíìsà. Ìdí tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni pé àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ kò ní ọjọ́ pípẹ́ tó; wọn kò mẹ́nu ba lẹ́tà. Nítorí náà, n kò lè sọ fún ẹnikẹ́ni pé òótọ́ ni yóò ṣílẹ̀kùn. Ohun tí mo lè sọ ni pé àdéhùn kan náà ni irọ́ dídán ìbá bá pàdé, àti pé ẹni tí wọ́n kọ̀ pẹ̀lú òótọ́ rẹ̀ mọ ohun tí wọ́n kọ̀: ìwé àdéhùn ni, kì í ṣe òun. Ẹni tí wọ́n kọ̀ pẹ̀lú oríkì àyálò kò ní mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ni wọ́n lé.

Èrò mi ni pé ó yẹ kí lẹ́tà padà sínú ẹ̀kọ́ Yorùbá ní àwọn ilé-ẹ̀kọ́ wa, kì í ṣe lẹ́tà sí ọ̀rẹ́ tí ó wà ní ìlú Ìbàdàn nìkan, bí kò ṣe lẹ́tà sí àjèjì tí ó ní àṣẹ lórí wa. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ kọ ọ́ ní èdè abínibí rẹ̀, kí ó sọ ẹni tí òun jẹ́, ibi tí òun jókòó sí, àti ohun tí ọwọ́ òun mọ̀ ọ́n ṣe. Lẹ́yìn náà ni kí ó wá gbé e sí Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí kò bá ṣe é sọ ní Yorùbá láìtijú, kí ó fà á igi.