Omi Inú Ògiri

Bí ẹnikẹ́ni bá ń tún ilé ṣe ní Tatonnonkon ní Bẹ̀nẹ̀, tàbí ní abúlé yòówù tó wà láàárín Adja-Ouèrè àti Ikpinlè, ohun tí yóò kọ́kọ́ bi wá nígbà tí páànù bá ti bo orí ilé tán ni pé ọjọ́ wo ni a ó kùn ún. Kì í bi wá ní ọjọ́ tí ògiri yóò gbẹ. Lójú onílé, ọ̀dà ni òpin iṣẹ́. Ọjọ́ tí ọ̀dà bá kan ògiri ni ẹní àti àpótí ń wọlé. Àwa tí a ń rẹ́ ilé, tí wọ́n ń pè ní másọ̀n níhìn-ín, tí àwọn ará Nàìjíríà ní òdìkejì ibodè ń pè ní bíríkìlà, a mọ̀ pé ohun tó ń ba ọ̀dà jẹ́ ti wà nínú ògiri kí akunlé tó dé. Omi ni. Kí èèyàn mọ ìgbà tó yẹ kí omi dúró nínú ògiri àti ìgbà tó yẹ kó jáde lọ, ibẹ̀ ni mo ti rí ẹwà iṣẹ́ yìí, ju inú dídán ojú ògiri lọ.

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí amọ̀ ti ń gbẹ ni sìmẹ́ǹtì ń gbẹ. Amọ̀ ń le nítorí pé omi kúrò lára rẹ̀. Sìmẹ́ǹtì ń le nítorí pé ó mu omi, tó sì bá omi di òkúta. Bí omi bá sá lọ kó tó mu ún tán, iyanrìn ni yóò kù lára ògiri, ọmọdé á sì máa fi èékánná gbọ̀n ọ́n sílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ tó mọṣẹ́ fi ń rin búlọ́ọ̀kù kó tó rẹ́ ẹ, tó ń kọ́kọ́ ju sìmẹ́ǹtì ṣíṣàn lu ògiri kí ìrẹ́lé lè rí ohun dì mú, tó ń fi ìpele kejì lé e ní ọjọ́ mìíràn, tó sì ń wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje ó kéré tán. Omi wíwọ́n yìí ló ń dun onílé jù. Ó rò pé à ń fi ọjọ́ òun ṣòfò ni. Bẹ́ẹ̀ oṣù Kejìlá ni gbogbo wọn ń fẹ́ kí ilé parí, nítorí àwọn ọmọ ilé ń ti Kútọnu àti Èkó bọ̀ wá ṣọdún, ìgbà yẹn gan-an sì ni ọyẹ́ ń jà. Ọyẹ́ a máa fa omi ògiri gbẹ ní ọ̀sán kan ṣoṣo, ojú rẹ̀ á sì là wẹ́wẹ́. Ẹni tó bá rẹ́ ilé nígbà náà tí kò fi àpò tútù bò ó, kó má dá oníyanrìn lẹ́bi.

Bí ọjọ́ méje bá pé, iṣẹ́ yí padà: omi tí a ti ń bẹ̀ kó dúró ni a ó wá máa bẹ̀ kó lọ. Ibí ni ìkánjú ti ń ṣọṣẹ́, ó sì ń ṣe ọṣẹ pẹ̀lú. Mi ò fi ṣeré. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni ilẹ̀ wa, láti ọdún 1922 ni ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ ti wà ní Pọ́bẹ̀ nítòsí wa, iṣẹ́ ọṣẹ kò sì ṣàjèjì sí àwọn obìnrin wa. Omi eérú ni wọ́n ń sẹ́, tí wọ́n ń pò mọ́ àdí, tí wọ́n ń sè títí àdí á fi di ohun mìíràn. Sìmẹ́ǹtì tuntun ní irú oró omi eérú yẹn nínú. Òun ló ń bó wa lọ́wọ́. Bí a bá kun ọ̀dà olóròóró lé e nígbà tí ara rẹ̀ ṣì tutù, oró náà á pàdé òróró inú ọ̀dà, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ìkòkò ọlọ́ṣẹ á sì ṣẹlẹ̀ lójú ògiri. Ọ̀dà á rọ̀, á lẹ̀ mọ́ ọwọ́, á wá bó bí awọ ejò, onílé á sì máa bú ẹni tó tà á. Ọ̀dà olómi fara dà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ omi tó ń jáde lẹ́yìn rẹ̀ á máa ti iyọ̀ funfun síta. Ọjọ́ 28 ni àwọn tó ń dán sìmẹ́ǹtì wò fi ń díwọ̀n agbára rẹ̀. Ó dára kí onílé ka iye yẹn kó tó ra ọ̀dà, kó sì fi kún un bó bá jẹ́ láàárín oṣù Kẹrin sí oṣù Keje tí òjò ń rọ̀. Ẹni tí kò bá gbà, kó lẹ ọ̀rá mọ́ ògiri nírọ̀lẹ́, kó dí etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pinpin. Bí ìrì bá sẹ̀ sínú ọ̀rá náà lówùúrọ̀, ògiri ti dá a lóhùn.

Ilé búlọ́ọ̀kù ni mo ń sọ bọ̀. Ilé tó ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa ni ilé amọ̀ àtijọ́, èyí tí bàbá fi sílẹ̀ tí ọmọ fẹ́ padà wá gbé. Láti ìgbà tí Bẹ̀nẹ̀ àti Nàìjíríà ti jọ dá ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì sílẹ̀ ní Onígbólò, tí kò jìnnà sí wa, ni ọ̀pọ̀ ti gbà pé sìmẹ́ǹtì ni oògùn gbogbo ògiri. Wọ́n á ha amọ̀, wọ́n á kan ìṣó àti wáyà mọ́ ọn, wọ́n á rẹ́ sìmẹ́ǹtì lé e. Ọdún kìíní, ó dùn ún wò. Ṣùgbọ́n ògiri amọ̀ ń fa omi láti ìdí rẹ̀, ojú rẹ̀ ló sì ń gbà tú u síta. Bí sìmẹ́ǹtì bá dí ojú náà pa, omi á máa gòkè, á máa rọ amọ̀ lẹ́yìn sìmẹ́ǹtì, títí ẹ ó fi fi ìka kan ògiri tí yóò dún bí akèrègbè òfìfo. Lẹ́yìn èyí, odindi abala kan á wó lulẹ̀ pẹ̀lú ọ̀dà lára. (Ẹni tó kọ́lé sórí ilẹ̀ dúdú kòtò Ìsàbá tún ní wàhálà tirẹ̀: ilẹ̀ yẹn ń wú lójò, ó ń sán lẹ́ẹ̀rùn, ìrẹ́lé kankan kò lè bá a jà, ìpìlẹ̀ ni kó lọ wò.)

Amọ̀ ló yẹ kí á fi rẹ́ amọ̀, iṣẹ́ yẹn kò sì rẹlẹ̀. Ní Tiébélé ní Burkina Faso, tí UNESCO fi ààfin rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ ogún àgbáyé ní ọdún 2024, àwọn obìnrin ló ń parí ògiri: wọ́n á rẹ́ ẹ, wọ́n á ya àrà sí i, wọ́n á fi òkúta dán an, wọ́n á wá fi omi èèpo irúgbá tí wọ́n sè pa á lójú kí òjò má tètè wọ̀ ọ́. Nílẹ̀ Yorùbá náà, obìnrin ló ń fi ẹlẹ́bọ́tọ pa ilé. Ìparí ilé ni wọ́n ń ṣe, bí àwa ọkùnrin kò tilẹ̀ kà wọ́n mọ́ ẹgbẹ́ wa. Àwọn ilé Àgùdà tó wà ní Àjàṣẹ́, tí òdòdó àti ọ̀já ara ògiri wọn ń wu gbogbo ayé, amọ̀ ló wà nínú ọ̀pọ̀ wọn; níbi tí òrùlé wọn bá ti ń jò ni ẹwà náà ti ń kọ́kọ́ ṣí sílẹ̀.

Àwọn onílé á ní ta ló lágbára àtimáa rẹ́ amọ̀ lọ́dọọdún. Wọ́n á tọ́ka sí Mọ́sálásí Ńlá Djenné ní Mali, tí gbogbo ìlú ń jáde wá rẹ́ lọ́dún kọ̀ọ̀kan. Ṣùgbọ́n ẹ wo orí mọ́sálásí yẹn: pẹrẹsẹ ni, kò ní ìgbátí páànù tó yọ síta, òjò ń rọ̀ sára ògiri tààrà. Ilé tiwa ní páànù. Kí onílé fa páànù náà síta díẹ̀ sí i, kó kó erùpẹ̀ tó ti ga ju ìdí ògiri lọ kúrò, kó la ojú àgbàrá síbòmíràn. Amọ̀ tí a bá rẹ́ lẹ́yìn èyí kì í béèrè ọwọ́ wa lọ́dọọdún. Owó sìmẹ́ǹtì tí kò rà ló máa ra páànù. Àwọn mìíràn á ní kí á kúkú fi kàró bo gbogbo rẹ̀. Kàró kì í mú omi kúrò. Ó ń lé e gòkè ni, ẹ ó sì rí ìlà àbàwọ́n tí yóò yọ ní òkè ibi tí kàró pin sí.

Èyí tí mi ò lè fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn ni ọ̀rọ̀ owó. Ẹni tó ń san owó ilé ní Kútọnu, tó tún ń san owó iṣẹ́ ní abúlé, kò lè máa ka ọjọ́ 28 bí ẹni ń ka oṣù oyún. Ó lẹ́tọ̀ọ́ láti kó wọlé. Kí ló ní kó má wọlé láìkùn? Ògiri eléérú kò lójútì, ọ̀pọ̀ ilé tí èèyàn ń gbé láìkùn ló wà káàkiri agbègbè yìí, kò sì sí ohun tó ṣe wọ́n. Ohun tó ń pa ilé ni kí ẹni tó ti wọlé tún sọ pé òun gbọ́dọ̀ kùn ún kí àlejò tó dé. Bí a bá rẹ́ yàrá kó tó kan pálọ̀, yàrá á ti gbẹ nígbà tí a bá ń palẹ̀ pálọ̀, ìdílé á sì sùn síbẹ̀. Kí wọ́n máa ṣí fèrèsé lọ́sàn-án, kí wọ́n má gbé kọ́bọ́ọ̀dù ti ògiri, kí wọ́n fi àyè ọwọ́ kan sílẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ń mú ni kí akunlé ti bẹ̀rẹ̀. Balùwẹ̀ àti ilé ìdáná ni kó kẹ́yìn, ọ̀rá ni kí wọ́n sì fi dán wọn wò lẹ́ẹ̀mejì, ní òwúrọ̀ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀.