Orin Àtinúdá Ọmọ Ìrìnsẹ̀ àti Ọ̀rọ̀ Ohùn

Ohun tí ó jẹ wá lógún nínú iṣẹ́ yìí ni orin tí ọmọ kékeré ń dá kọ fúnra rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ ọ. Ọmọ ọdún méjì tí ó ń fi ṣíbí lu abọ́, tí ó sì ń fa orúkọ ìyá rẹ̀ gùn lẹ́nu, kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nínú wa. Síbẹ̀, bí a bá ń sọ̀rọ̀ orin ọmọdé, orin arẹmọlẹ́kún, orin inú àlọ́ àti orin eré òṣùpá ni a sábà máa ń tọ́ka sí. Kò ṣòro láti mọ ìdí rẹ̀. Àjogúnbá ni a fi ṣe òṣùwọ̀n lítíréṣọ̀ alohùn. Orin tí ọmọ dá láàárọ̀, tí ó sì gbàgbé kí oúnjẹ ọ̀sán tó délẹ̀, kò lè yege lórí irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀. Lójú tiwa, òṣùwọ̀n náà ni ó kù díẹ̀ káàtó.

Iṣẹ́ tí a kò lè fò dá lórí ọ̀rọ̀ yìí ni ti Gladys Moorhead àti Donald Pond ní ilé-ẹ̀kọ́ Pillsbury ní ìlú Santa Barbara, ní Amẹ́ríkà, èyí tí ó wà láti 1937 títí di 1948. A fi ìlù, agogo àti àwọn ohun èlò orin mìíràn sí àrọ́wọ́tó àwọn ọmọ, a fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣeré, àwọn àgbà sì ń kọ ohun tí wọ́n gbọ́ sílẹ̀. Sùúrù yìí yẹ fún ìyìn. Olùwádìí tí ó lè pa ẹnu mọ́ níwájú ọmọdé kò pọ̀. Nínú ìwé àbọ̀ wọn àkọ́kọ́, tí ó jáde ní 1941, wọ́n ya oríṣi méjì sọ́tọ̀. Ọ̀kan ni èyí tí a ó pè ní àpètúnpè: ó tan mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, ìlù rẹ̀ ṣe déédéé, ó sì ń bá ìgbésẹ̀ ara rìn. Èkejì ni orin gan-an, tí ọmọ ń dá nìkan kọ, tí ohùn rẹ̀ sì ń lọ síbi tí ó wù ú.

Ibí yìí ni àríwísí wa ti bẹ̀rẹ̀. Nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì, bí ọmọ bá gbé ohùn sókè lórí ọ̀rọ̀ kan, ọ̀rọ̀ náà kò di òmíràn. Ọmọ Yorùbá kò ní irú òmìnira yẹn. Bí ó bá ń wá bàtà rẹ̀, tí ó sì ń fi “bàtà mi dà” kọrin, ohùn ìsàlẹ̀ méjì ni ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ní. Bí ó bá gbé èkejì sókè, ó ti di bàtá, ìlù Ṣàngó. Ṣé àpètúnpè ni kí a wá pe èyí nítorí pé ó sún mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu? Lọ́dọ̀ wa, orin àgbà pàápàá sún mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu. Ohun tí T. K. E. Phillips fi ìwé rẹ̀ ti 1953 ṣàlàyé nìyẹn, ìyà tí àwọn orin ìjọ tí a fi ohùn òyìnbó kọ sì ti fi jẹ etí wa tó ẹ̀rí. A ń sun rárà, a ń pe ẹ̀sà, a ń kọ orin. Kì í ṣe jíjìnnà sí ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, ààlà tí Moorhead àti Pond fà kò ṣeé gbé wá síbí bí ó ti wà.

Ìwé John Blacking lórí orin àwọn ọmọ Venda ní Gúúsù Áfíríkà (1967) sún mọ́ wa jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé èdè olóhùn ni Venda náà. Ó fi hàn pé kì í ṣe dandan kí orin tí ó rọrùn jù jẹ́ èyí tí ọmọ kọ́kọ́ mọ̀. Ṣùgbọ́n orin tí àwọn ọmọ ìlú jọ mọ̀ ni ìwé náà dá lé. Ọmọ tí ó ń dá tirẹ̀ kọ lẹ́bàá ààrò kò fi bẹ́ẹ̀ hàn níbẹ̀.

Èyí tí ó le jù ni ọ̀rọ̀ àṣìṣe. Bí ọmọ bá kọ bàtà bí bàtá, ọ̀pọ̀ wa yóò sọ pé kò tí ì gbọ́ èdè. Èyí kò dájú. Ìwádìí Charles Li àti Sandra Thompson (1977) fi hàn pé àwọn ọmọ tí ń sọ Mandarin tètè ń mọ ohùn ọ̀rọ̀ ju kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ́lì lọ. Ohùn Mandarin kò rí bí ti Yorùbá, ṣùgbọ́n ó tó láti mú wa ṣọ́ra. Àbá wa ni pé kí olùwádìí dúró gbọ́ bí ọmọ ti ń pe ọ̀rọ̀ kan náà nígbà tí kò kọrin. Bí ó bá pè é bí ó ti yẹ, tí ó sì ń yí i padà lọ́nà kan náà léraléra nínú orin, eré ni, irú èyí tí àwọn àgbà akọrin náà ń ṣe. Bí ìyípadà náà kò bá ní ọ̀nà kan pàtó, ó lè jẹ́ pé ọ̀fun rẹ̀ ni kò tí ì gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Bí ó bá ṣì í níbi méjèèjì, a lè sọ pé èdè ni. Àkọsílẹ̀ orin onílà márùn-ún nìkan kò lè fi ìyàtọ̀ yìí hàn. Àmì ohùn ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú ohun tí ọmọ ń fi ọwọ́ ṣe.

Iṣẹ́ náà kò sì yẹ kí ó pẹ́. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́lé-ó-sinmi nínú àwọn ìlú ńláńlá wa, orin Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ kọ́kọ́ ń bá pàdé. Bí a bá dúró di ìgbà tí etí rẹ̀ ti kún fún orin tí kò ka ohùn ọ̀rọ̀ sí, kò ní rọrùn láti ya eré sọ́tọ̀ kúrò lára àfarawé. Inú ilé, kí ọmọ tó pé ọdún mẹ́ta, ni kí ìgbohùnsílẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀, kí ìyá tàbí ìyá àgbà tí ó mọ bí ọmọ náà ti ń pe ọ̀rọ̀ sì jókòó ti olùwádìí.