Irinṣẹ́ àti Ojú Onílé: Bí A Ṣe Ń Tẹ́ Rélùwéè Nínú Géèmù

Iṣẹ́ ọnà ni títẹ́ ojú irin nínú géèmù ọkọ̀ rélùwéè. Ẹni tó ń ṣe é ló ń to ilẹ̀, odò, igi àti ilé tí awakọ̀ yóò rí. Èrò mi ni pé irinṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ló ń pinnu ohun tí ojú rẹ̀ yóò tẹ̀ mọ́ àti ohun tí yóò fò dá. Ẹ jẹ́ kí a fi ọ̀nà Ìkòròdú sí Ẹ̀pẹ́ wò ó. Rélùwéè kò dé ibẹ̀ rí: èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í là ní Èkó ní 1896 gba Agége àti Abẹ́òkúta lọ sí Ìbàdàn. Inú géèmù nìkan ni ọkọ̀ ojú irin ti lè gba Ìmọ́ta àti Agbọ̀wá dé Ẹ̀pẹ́.

Nínú BVE, géèmù ọkọ̀ rélùwéè tí ará Japan kan ṣe ní àwọn ọdún 1990, kíkọ ni oníṣẹ́ ń kọ ọ̀nà sílẹ̀ bí ẹni kọ ìwé: ní mítà báyìí, irin yà sọ́tùn-ún; ní mítà báyìí, afárá bẹ̀rẹ̀. Ojú irin ni a fi ń wọn ohun gbogbo. Ohun tí awakọ̀ kò lè rí láti ojú fèrèsé rẹ̀, a kò dá a sáyé. Bí a bá fi irú irinṣẹ́ yìí ya Ejìnrìn, ìlú tí ọ̀sà sọ di ọjà, ọ̀sà náà lè má ju ìlà omi kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin lọ. Síbẹ̀, irinṣẹ́ yìí kọ́ oníṣẹ́ ní sùúrù.

Ní 2001, Microsoft Train Simulator gbé irin gígé jáde. Bí a ṣe gé kọ́nà irin kan ni yóò ṣe yí, ilẹ̀ ì báà fẹ́ bẹ́ẹ̀, ì báà má fẹ́. Lọ́dún kan náà, Trainz, láti Australia, jẹ́ kí a máa fa irin bí okùn, kí ó lè tẹ̀ lé ilẹ̀. Ọwọ́ la ṣì fi ń gbé òkè sókè.

Lónìí, àwọn oníṣẹ́ ń da òǹkà gíga ilẹ̀ tí ọkọ̀ gbalasa òfúrufú Endeavour fi rádà wọ̀n ní oṣù kejì ọdún 2000 sínú géèmù. Iṣẹ́ ọjọ́ pípẹ́ di ti ìgbà díẹ̀. Ṣùgbọ́n rádà yẹn kì í sábà wọ inú igbó dídí dé ilẹ̀. Orí ewé ló ti ń padà. Nítorí náà, níbi tí ògùrọ̀ bá ti pọ̀ nínú àbàtà etí ọ̀sà, ilẹ̀ tó tẹ́ bí ẹní lè yọ bí òkè lójú kọ̀ǹpútà. Àjòjì yóò gbẹ́ òkè náà kí irin lè kọjá. Onílé mọ̀ pé iyanrìn ló yẹ kí wọ́n kó dà síbẹ̀, tàbí kí wọ́n na afárá. Àjòjì lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran.

Ìdájọ́ mi nìyí: irinṣẹ́ àtijọ́ ń fi ìnira fipá mú oníṣẹ́ ronú, ti òde òní kò fipá mú ẹnikẹ́ni, nítorí náà ìmọ̀ ilẹ̀ ló kù tí a fi ń mọ ọ̀gá. Ẹ̀yin ọmọ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́, tí ẹ mọ ibi tí omi ń kún dé lásìkò òjò, ọ̀fẹ́ ni géèmù ọkọ̀ rélùwéè tí wọ́n ń pè ní Open Rails. Ẹ tẹ́ ọ̀nà yín fúnra yín.